Òrùlé Tí A Fi Ọ̀wẹ̀ Kàn

"Òrùlé wà lórí ilé yìí," ni Alfred wí. Ó dúró sí àárín àgbàlá Àrìnpé, ó gbójú sókè, ó fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán mẹ́rin, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni pé afọ́jú ni gbogbo wa. "Màmá, òrùlé wà lórí ilé yìí. Kí wá ni ìjì gbé lọ?"

Èmi ni mo kan òrùlé náà, nítorí náà èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kan òrùlé ilé ẹni tí nǹkan ṣẹnuure fún nìyí?" Páànù pupa wà níbẹ̀, páànù aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, èyí tó ti dípẹtà wà níbẹ̀. Mẹ́ta tí èéfín ti sọ di dúdú, ilé ìdáná Bàbá Ọdẹkúnlé ni wọ́n ti tú wọn wá. Ẹni tó bá ní ojú á mọ̀ pé àwọn èèyàn ló ṣàánú onílé.

Alfred kò wo páànù kankan. Fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Sàláúdéènì lorúkọ mi. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Àgọ́sásà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, inú sì máa ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí ìbínú mi wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú mi ló gba ilé lọ́wọ́ opó.

Tíṣà ni Cornelius, ọkọ Àrìnpé, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi ni. Òun ló lọ yá owó ní báńkì kan ní Ìlaròó tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìdẹ̀ra, tó fi kọ́ ilé yàrá mẹ́ta yìí, ilé náà fúnra rẹ̀ ló sì fi dúró. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí owó kò bá tíì tán, ìwé ilé á wà lọ́wọ́ báńkì, bí sísan bá sì dáwọ́ dúró, ilé á di ti báńkì. Àrìnpé náà fọwọ́ sí ìwé. Ọdún méjì kí wọ́n tó ti bọ́dà ni ẹ̀jẹ̀ ríru pa Cornelius. Gbèsè náà wá kù sọ́rùn ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, Olúwadárasími, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dárà.

Àrìnpé kò sá fún gbèsè. Gaàrí ló ń yan, gaàrí tó gbẹ, tó kan dáadáa, àwọn oníbàárà rẹ̀ a sì máa ti Kútọnu wá gba Ìdírókò wá gbé e ní àpò àpò. Oṣooṣù ló ń san owó báńkì, kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti bọ́dà pa. Wọ́n ní nítorí ìrẹsì ni. Ta ló wá bi wọ́n léèrè nípa gaàrí? Àwọn ará Kútọnu kò lè kọjá mọ́, àpò gaàrí ń ga sí i nínú yàrá Àrìnpé, àwa ará ilé kò sì lè rà á, torí kò sí ilé tí wọn kì í ti í yan gaàrí ní Àgọ́sásà. Ó jẹ báńkì lówó oṣù kan. Ó di méjì.

Ibẹ̀ ni ìjì bá a. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Ìjì náà ká òrùlé Àrìnpé bí ẹni ká ẹní, ó gbé e sọ sínú oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, gbogbo páànù náà ló sì ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ilé mẹ́rìnlá ló fara gbá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ nìkan ni kò ku páànù kan ṣoṣo.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ la gbọ́ ọ lórí rédíò. Báńkì Ilé Ìdẹ̀ra ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ kẹ́dùn. Ẹnikẹ́ni tó bá yáwó kọ́lé lọ́wọ́ wọn, tí ìjì sì ba ilé rẹ̀ jẹ́, wọ́n ti yọ̀ǹda oṣù mẹ́sàn-án fún un láìsan ohunkóhun, èlé kankan kò sì ní gun owó náà. Àrìnpé sunkún nígbà tó gbọ́ ọ. Oṣù mẹ́sàn-án tó láti tún òrùlé ṣe, ó tó láti wá ibòmíràn tí yóò ta gaàrí sí, bóyá bọ́dà á tilẹ̀ ti ṣí kó tó pé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi wọ ọ̀kadà lọ sí Òwódé, tó wọkọ̀ níbẹ̀ lọ sí Ìlaròó. Ó gba fọ́ọ̀mù, Dárà bá a kọ ọ́, wọ́n sì ní kó lọ máa retí aṣojú báńkì tí yóò wá wo ilé láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta. Bí ìyà ṣe ń gorí ìyà, ìjọba tún pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé bẹntiróòlù wá sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín ogún kìlómítà sí bọ́dà. Báńkì ní mọ́tò àwọn kò lè wá sí Àgọ́sásà, torí epo tí yóò gbé e padà kò sí. Lábẹ́ tapólì kan náà tí wọ́n fi bo àpò gaàrí ni Àrìnpé àti ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú ilé ara wọn, òjò ìparí ọdún ń rọ̀ lé wọn lórí, Dárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í wo opó nínú òjò ká máa kọjá lọ. Bàbá Ọdẹkúnlé, tó jẹ́ àgbà àdúgbò wa, ló pe ọ̀wẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ọ̀wẹ̀, kò sí pé èmi àti lágbájá kì í sọ̀rọ̀, kò sí pé ẹlẹ́sìn kan ni mí, ẹlẹ́sìn kejì ni onílé. Kálukú á mú ohun tó ní dání. Lèmọ́mù mú páànù tó ṣẹ́kù lára ti mọ́ṣáláṣí wá, pásítọ̀ mú ìṣó wá, àwọn àgbẹ̀ gé igi wá láti oko. Èmi mú páànù mẹ́jọ tí mo rà sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù mi. Sẹ̀kínát ìyàwó mi dín àkàrà, Àrìnpé tú àpò gaàrí kan, a mu ún tán pátápátá. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, páànù mẹ́tàdínlógójì ni mo ti kàn mọ́ orí ilé náà. Mi ò gba kọ́bọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbà.

Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Alfred, aṣojú báńkì náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé, tó ń bi wá pé kí ni ìjì gbé lọ.

"Ó wà nínú fọ́ọ̀mù," ló wí. "Ìsàlẹ̀ níbí. Onílé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibi tó bàjẹ́ títí aṣojú báńkì á fi dé."

Mo gba fọ́ọ̀mù náà wò. Èdè Òyìnbó ni, lẹ́tà rẹ̀ wínníwínní. Dárà fúnra rẹ̀ kò rí i nígbà tó ń kọ ọ́.

Àrìnpé ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́. Ó lé ní oṣù méjì tí a ti ń retí yín. Ara ọmọ mi kò yá. Àwọn èèyàn ló dìde láti bá mi ṣe é, n kò lè sọ pé kí wọ́n padà sílé."

"Mo gbọ́ yín, Màmá. Ṣùgbọ́n ohun tí kámẹ́rà bá rí ni báńkì máa rí." Ó pa fọ́ọ̀mù náà dé, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì sún mọ́ wa. "Kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní àtúnṣe. Owó ara mi ni mo fi ra epo lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nínú kẹ́ẹ̀gì kí n tó lè dé ibí. Ẹ wá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà fún mi, owó epo lásán ni. Màá kọ ọ́ pé ilé kò ní òrùlé. Àwòrán ilé tí ìjì bà jẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, màá fi ọ̀kan sí i."

Àrìnpé kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, agbada méjì ni mo fi ń yan gaàrí. Bí mo bá ta ọ̀kan..."

N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ní, "O kò ní ta nǹkan kan." Mo kọjú sí Alfred, n kò sì fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀ mọ́. "Ìwọ. Ìjì ja obìnrin yìí lólè tán, ìwọ náà tún wá mú tìrẹ. Ṣé báńkì kì í sanwó oṣù fún ọ ni? O rí páànù orí ilé yìí? Ẹni tí kò ní ló mú un wá. Ìwọ tí o ní lo wá tọrọ. A kò ní fún ọ ní kọ́bọ̀."

Inú kò bí i. Ohun tó tún dá kún ìbínú mi nìyẹn. Ó gbọn eruku kúrò lára bàtà rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Bàbá káfíńtà. Ẹ kò fẹ́ kí n purọ́, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ nígbà náà. Ẹ dá ilé náà padà sí bí ìjì ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ pè mí lórí fóònù, màá wá yà á. Ohun tí mo bá rí gan-an ni màá kọ." Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àrìnpé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ ká wá owó náà fún un. Kò sẹ́ni tí kì í fún wọn."

"Ìdí tí wọn kò fi yéé gbà á nìyẹn," ni mo wí. "Ìyàwó, gbọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí. Òjò kankan kò ní rọ̀ kí oṣù kẹta tó wọlé. Màá tú òrùlé náà ní ìdajì ọjọ́, á wá ya àwòrán rẹ̀, màá sì tún un kàn padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìṣó nìkan la máa pàdánù. Ṣé nítorí ìṣó la máa fi agbada rẹ fún olè?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n." Àgbà ni mo jẹ́ sí i, mo jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, kò lè bá mi jiyàn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní.

Mo wà lórí ilé, mo ń fa ìṣó yọ, nígbà tí Bàbá Ọdẹkúnlé dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Sàláúdéènì, kí lò ń ṣe lókè yẹn?"

"Mò ń tú òrùlé ni, Bàbá."

"Èyí tí a kàn?"

"Òun náà ni." Mo ṣàlàyé fún un láti orí àkàbà, bí Alfred ṣe wí àti bí mo ṣe dá a lóhùn.

Bàbá gbọ́ mi tán. Ó ní, "Wọ́n ní ká tú ilé opó ká tó lè ràn án lọ́wọ́? Èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Báńkì ni, Bàbá."

"Kì í ṣe èèyàn ló ń jókòó síbẹ̀ ni?" Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba páànù lọ́wọ́ mi, ó ń tò wọ́n jọ síbi kan kí ẹnikẹ́ni má baà jí wọn gbé.

A pe Alfred lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Lọ́la dé, ó ní epo kò sí. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní ọ̀gá rán òun lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò gbé fóònù. Mo fẹ́ kan òrùlé náà padà, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀ nígbà tó gbé e. Ó ní, "Bàbá káfíńtà, bí ẹ bá kàn án padà, ẹ má pè mí mọ́ nìyẹn." A tún ń retí rẹ̀. Owó oṣù mìíràn tún wọlé lé Àrìnpé lórí.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kejì ni òjò rọ̀. Kò yẹ kó tíì rọ̀, ṣùgbọ́n ó rọ̀, òjò ńlá tó fi gbogbo ọ̀sán da omi sílẹ̀. Gaàrí tí wọn kò rí tà láti oṣù kẹjọ wà nínú yàrá náà, àpò mọ́kànlá, tapólì tó ti ya nìkan ló bò ó. Nígbà tí a débẹ̀, ó ti wú, ó ti ya àpò, ó ń ṣàn jáde lẹ́nu ọ̀nà. Àrìnpé fi ìgbálẹ̀ ń gbá a lọ sí gọ́tà, kò wo ẹnì kankan. Ikọ́ Dárà le sí i, a gbé e lọ sí ọsibítù ní Òwódé, ọjọ́ mẹ́fà ló lò níbẹ̀. Wọ́n ní òtútù ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ọjọ́ kejì òjò náà ni Alfred dé. Kò béèrè ìdí tí ilé fi dákẹ́. Ó wo ògiri tó rin gbindin, ó wo ojú ọ̀run nínú yàrá, ó ya àwòrán rẹ̀, ó ní, "Báyìí gan-an ni. Ẹ óò gbọ́ látọ̀dọ̀ wa."

A gbọ́ lóòótọ́. Ìwé dé pé kí Àrìnpé wá sí Ìlaròó. Mo tẹ̀ lé e. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ní ká jókòó sí, wọ́n lẹ àwòrán àwọn tí báńkì ti ràn lọ́wọ́ mọ́ ògiri. Mo dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn: òtẹ́ẹ̀lì alájà méjì kan níbẹ̀ ní Ìlaròó, èmi ni mo ṣe àjà rẹ̀. Páànù rẹ̀ ń dán nínú àwòrán náà. Ọgbà rẹ̀ nìkan ni ìjì wó, ọgbà ọ̀hún kò sì ju ogójì búlọ́ọ̀kù lọ.

Ọ̀gá àgbà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé, kí wa pẹ̀lú ọ̀yàyà. Alfred jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé to àwòrán méjì síwájú Àrìnpé. Nínú àkọ́kọ́, ilé ní òrùlé. Nínú èkejì, kò ní. Ọjọ́ wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, ìjì wo ló jà láàárín àwọn ọjọ́ méjì yìí?"

Àrìnpé ní, "Ìjì kankan kò jà, sà. Àwa la tú u."

"Ẹ fi ọwọ́ ara yín tú òrùlé ilé tí ẹ fi dúró lọ́dọ̀ wa?"

"Ọmọkùnrin yìí ló ní ká tú u!" Mo ti dìde. Mo nawọ́ sí Alfred. "Bi í léèrè. Lójú mi ló sọ ọ́. Ó tọrọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, a kò fún un, ó wá ní ká tú u kí òun tó lè ya àwòrán."

Alfred wo ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Sà, èmi kàn ṣàlàyé ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù fún wọn ni."

"Ṣé ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín?" ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé bi mí. "Ta ló tún gbọ́ ọ?"

"Èmi àti Àrìnpé la gbọ́ ọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ tú u." Ó mú ìwé tí Cornelius àti ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ sí, ó ka ibì kan nínú rẹ̀ fún wa láìyára. Bí ẹni tó yáwó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ilé tó fi dúró jẹ́, báńkì lè béèrè gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ó bá kọjá ọjọ́ mẹ́rìnlá, ilé ti di ti báńkì. Ó ní kò dùn mọ́ òun nínú, òfin ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àgbà sọ, wọ́n sì ní kí sikióríìtì mú mi jáde. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ohùn Àrìnpé, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń sọ iye ọdún tí òun fi sanwó láìjẹ wọ́n ní kọ́bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé. Wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ báńkì sára ògiri. Àrìnpé àti Dárà kó wá sí ọ̀dọ̀ wa, Sẹ̀kínát tẹ́ ẹní fún wọn ní yàrá ibi tí mo ń kó igi sí. Mo kó páànù padà fún àwọn tó ni wọ́n, láti ilé dé ilé. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, gbogbo wọn ló ní kí n pẹ̀lẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan bú mi nígbà náà.

Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí fóònù mi dún. Àrìnpé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ fún onílé kan tó gbé iṣẹ́ fún un. Ohùn fóònù mi máa ń lọ sókè, kò sí ohun tí kò gbọ́.

"Bàbá káfíńtà, Alfred ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti ọjọ́sí ṣe. Ẹnì kan fẹ́ ra ilé yẹn, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ra ilé tí kò ní òrùlé. Báńkì máa fi páànù tuntun ránṣẹ́. Wọ́n ní káfíńtà tó bá mọ ilé náà ló máa tètè ṣe é, mo sì dárúkọ yín. Ó ti yá o, kí òjò má tún bà á jẹ́. Èló lẹ máa gbà?"

Mo fẹ́ sọ fún un ibi tó lè fi páànù rẹ̀ sí. Àrìnpé fọwọ́ kan apá mi. Ó ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹ gbà á, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí n gba kí ni?"

"Iṣẹ́ náà. Bí ẹ kò bá kàn án, ẹlòmíràn á kàn án. Ẹ gbà á, kí ẹ fún mi lówó yàrá."

Mo gbà á. Ọjọ́ méjì ni mo fi kàn án, páànù aláwọ̀ búlúù, gígùn kan náà ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó dípẹtà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Alfred sanwó fún mi, kò ní kí n kọ fọ́ọ̀mù, kò sì ya àwòrán kankan. Mo gbé owó náà fún Àrìnpé bó ṣe wà. Ó fi gba yàrá kan ní Òwódé fún òun àti Dárà, ọdún kan. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì retí pé kó dúpẹ́.